Ọ̀RỌ̀ ÒYÌNBÓ LẸ́NU WA: Sọ́rì

Bí a ti máa ń ṣe lójú ewé yìí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti di tiwa la fẹ́ gbé yẹ̀ wò, kí a mọ ibi tó ti wá, bí àwọn tó ni ín ṣe ń lò ó, àti ohun tó ń ṣe nínú ilé wa. Ọ̀rọ̀ ti ọ̀tẹ̀ yìí kéré, ọmọ ọdún méjì lè pè é. Òun ni ‘sorry’, tí gbogbo wa ń pè ní sọ́rì.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gbọ́ ọ tàbí sọ ọ́ láti àárọ̀? Télọ̀ tó ní kí ẹ wá gba aṣọ ní ọjọ́ Sátidé, tí ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ẹ bá aṣọ náà nínú láílọ́ọ̀nù bí ẹ ṣe gbé e fún un, ohun tó sọ ni pé, ‘Sọ́rì mà, iná ni ò sí.’ Kọ̀ńdọ́ tí kò ní ṣéńjì ní, ‘Sọ́rì bàbá, ẹ bá ẹni yìí pín in.’ Ọmọ yín fi ẹsẹ̀ gbá omi dànù, ó ní, ‘Sọ́rì, Mọ́mì.’ Ẹ kọsẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ ní, ‘Sọ́rì o.’ Ẹ dé ilé ọ̀fọ̀, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú jókòó sórí ẹní, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ ní, ‘Ẹ sọ́rì mà, Olúwa á tù yín nínú.’ A tilẹ̀ ti fi ọ̀wọ̀ Yorùbá wọ̀ ọ́ láṣọ, a fi ‘ẹ’ síwájú rẹ̀ fún àgbà. Bí a bá sì fẹ́ fi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́, a ó ní, ‘Sọ́rì fún ẹ!’

Ẹ padà wo àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Ẹni tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ kọ́ ló gbé òkúta tí ẹ fi ẹsẹ̀ kọ sójú ọ̀nà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa ọkọ opó. Ṣùgbọ́n télọ̀ ló jẹ́ kí àdéhùn yẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà lónìí.

Àwọn baba wa kò se nǹkan méjì yìí nínú ìkòkò kan. Bí nǹkan bá ṣe ọmọnìkejì wọn, tí kì í ṣe ọwọ́ wọn ló ti wá, wọ́n á ní ‘pẹ̀lẹ́’, wọ́n á ní ‘ẹ kú ìrọ́jú’, ‘ẹ kú ewu’, ‘ẹ kú ara fẹ́ra kù’. Ìbákẹ́dùn ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà: ‘ẹ má bínú’, ‘mo jẹ̀bi’, ‘ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí’. Ara náà á bá ẹnu sọ ọ́, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tó tẹ ènìyàn lẹ́sẹ̀ náà lè kọ́kọ́ sọ pé ‘pẹ̀lẹ́’, ṣùgbọ́n kò ní parí síbẹ̀. ‘Má bínú’ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á bi í bóyá ó kàn ń kọjá lọ ni.

Ẹ fetí sí ohun tí ‘má bínú’ ń wí. Ó gbà pé ẹni yẹn ní ìdí tó fi yẹ kó bínú. ‘Forí jì mí’ gbà pé gbèsè kan wà lọ́rùn mi. ‘Pẹ̀lẹ́’ kò gba nǹkan kan sọ́rùn, ó kàn ń báni dárò ni. Nígbà tí sọ́rì dé, ó gba iṣẹ́ àwọn méjèèjì ṣe. Ó kúrú, ó rọrùn, kò béèrè ìkúnlẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ wá lè fi ẹnu sọ ọ́, kó jẹ́ pé pẹ̀lẹ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀, kí ẹni tí a ṣẹ̀ sì máa dúró de ‘forí jì mí’ tí kò ní dé láéláé.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí pé inú ilé mi ló ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2011, ìyá àwọn ìbejì mi kó àjọ. Aṣọ àǹkárá ló ń tà, ọjà Gbági ní Ìbàdàn ló sì ti ń ra ọjà. Owó náà jẹ́ ₦180,000. Ó kó o fún mi pé kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí ọjà tuntun yóò fi dé. Mo tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi dákẹ́, mo sì kó owó náà fún mẹkáníìkì. N kò sọ fún un. Mo ní lọ́kàn mi pé kó tó béèrè, màá ti dá a padà. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń ka ìwé yìí, ẹ mọ ìrònú yẹn dáadáa.

Ó béèrè. Mo ní, ‘Sọ́rì, Ìyá Ìbejì. Nǹkan ló ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ ló bàjẹ́.’ Ó wò mí títí. Ó ní, ‘Ó dáa, sà.’ Ó wọlé lọ. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó fún mi ní aya onísùúrù!

Kò bá mi jà. Ó ń se oúnjẹ, ó ń kí mi lówùúrọ̀, a sì jọ ń gbàdúrà alẹ́. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀ rí, bí ó bá ti ọjà dé, bí ó ti ń tú gèlè ló ti ń ròyìn: iye tí wọ́n ń ta àǹkárá, ẹni tó jẹ òun ní gbèsè tó ń bá orí sápamọ́ nínú ọ̀gbà, oníbàárà tó ná ọjà fún wákàtí kan tí kò sì rà á. Gbogbo rẹ̀ dáwọ́ dúró. Bí mo bá bi í pé ọjà ńkọ́, á ní, ‘A dúpẹ́.’ Fún oṣù mẹ́ta gbáko, ‘a dúpẹ́’ yìí ni gbogbo ìròyìn ọjà tí mo gbọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo ń táràrà lọ sí ilé ìdáná, mo sì fi iwájú orí gbá fèrèsé onígi tó ṣí sílẹ̀. Ó dùn mí dé ọpọlọ. Ìyá Ìbejì wà lórí àga rẹ̀, ó ní, ‘Sọ́rì o.’ Mo bi í pé kí ló dé tó jókòó, tí kò wá wo orí mi. Ó ní, ‘Bàbá Ìbejì, mo ti sọ sọ́rì. Èmi kọ́ ni mo ṣí fèrèsé. Ṣé ẹ rántí owó àjọ mi? Sọ́rì tí mo sọ fún yín yìí náà lẹ sọ fún mi. Bíi pé ẹ̀yin náà kàn ń kọjá lọ ni, tí ẹ wá bá mi níbi tí nǹkan ti ṣe mí.’

Mo jókòó nínú òkùnkùn, mo di orí mú.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo lọ wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí fún ọdún mẹ́rìnlélógún, n kò sì wádìí rẹ̀ rí. Ó ti lé ní 1,000 ọdún tó ti wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. ‘Sarig’ ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́, inú ‘sar’ ló sì ti jáde, èyí tó di ‘sore’ lónìí, ìyẹn egbò, ìrora, ohun tó ń dunni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ‘sorrow’, nítorí pé wọ́n jọra létí àti ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n orísun wọn yàtọ̀, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé. Nítorí náà, ‘I am sorry’ ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ju ‘ó ń dùn mí’ lọ. Kò sọ ẹni tó ṣe é, kò sì sọ ohun tó ṣe. Bí inú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣe rí nìkan ló ń sọ.

Ẹ rí i pé àwa tí à ń sọ ‘sọ́rì o’ fún ẹni tó kọsẹ̀ kò ṣìnà rárá! Arábìnrin kan láti ìjọ wa lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yọ̀ ṣubú, arábìnrin wa sì sáré lọ bá a, ó ń wí pé, ‘Sorry, sorry!’ Òyìnbó náà yà á lẹ́nu. Ó ní kí ló dé tó fi ń bẹ òun, ṣebí òun kọ́ ló ti òun. Nígbà tí arábìnrin náà sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, ẹ̀rín ń pa á. Ó ní àwọn fúnra wọn a máa sọ ọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí wọn kò bá gbọ́ ohun tí o wí, ‘Sorry?’ Bí wọ́n bá fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nínú ọkọ̀ ojú irin, ‘Sorry.’ Bí ìwọ lo tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, àwọn ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́! Bí wọn kò bá sì fẹ́ fún ọ ní ohun tí o béèrè, wọ́n á ní, ‘I’m sorry, but…’ kí o yáa gba ilé lọ ni.

Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà mọ̀ pé ó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2006, tí wọ́n pè ní Compensation Act, sọ pé bí ènìyàn bá tọrọ àforíjì, ìyẹn nìkan kò túmọ̀ sí pé ó ti gbà pé òun jẹ̀bi àìbìkítà. Ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2009. Kí ló fà á? Ẹ̀rù ń ba awakọ̀ tó gbá ènìyàn, ẹ̀rù ń ba dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ yíwọ́, pé bí àwọn bá ya ẹnu sọ ‘sorry’ pẹ́nrẹ́n, lọ́yà á gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. N kò bá òfin wọn jà, ó dára kí ènìyàn lè báni kẹ́dùn láìfòyà. Ṣùgbọ́n ohun tí kọ́ọ̀tù gbà láàyè, ṣé ó tó fún yàrá tọkọtaya?

Bí ẹ bá ní kí a kúkú máa lo ‘apology’, ìyẹn tilẹ̀ ní tirẹ̀ lára! Inú èdè Gíríìkì ló ti wá, ‘apologia’, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìgbèjà ara ẹni, bí ẹni tó ń rojọ́ níwájú adájọ́. Òun ni Pọ́ọ̀lù lò nígbà tó dúró níwájú àwọn Júù ní Jerúsálẹ́mù (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 22:1). Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ ti gba kúẹ́rì rí, ẹ rántí lẹ́tà ‘apology’ tí ẹ kọ: ojú ewé méjì àwíjàre, ìlà kan ẹ̀bẹ̀.

Ibi tí mo ti rí i jù lọ pé ọ̀rọ̀ kékeré yìí lè wúwo ni ilẹ̀ Australia. Láti nǹkan bí ọdún 1910 títí di nǹkan bí 1970, ìjọba ibẹ̀ mú ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn Aborigine, ìyẹn àwọn tó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé, kúrò lọ́wọ́ òbí wọn. Wọ́n kó wọn sí ilé ìtọ́jú ọmọ tàbí fún àwọn aláwọ̀ funfun láti tọ́. Ó dùn mí láti sọ pé àwọn ilé míṣọ́nnárì lọ́wọ́ sí i. Ní 1997, àbọ̀ ìwádìí jáde, wọ́n sì ní kí ìjọba tọrọ àforíjì. Olórí ìjọba ìgbà náà, John Howard, kò fẹ́ sọ ọ́. Ní 1999, ó mú àbá kan wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ní ó dùn wọ́n gidigidi, ṣùgbọ́n kò sí ‘sorry’ nínú rẹ̀, nítorí ó ní ìran tòní kọ́ ló ṣe é. Ó di ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2008 kí olórí ìjọba mìíràn, Kevin Rudd, tó dìde nínú ilé náà tó sì sọ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n mú lọ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé jókòó níbẹ̀, wọ́n ń sunkún. Ẹ sì wá gbọ́ èyí: àwọn Aborigine fúnra wọn ń pe ètò ọ̀fọ̀ wọn ní ‘sorry business’. Ìbákẹ́dùn kò wọ́n lọ́dọ̀ wọn, wọ́n mọ ‘sorry’ ti pẹ̀lẹ́ bí àwa náà ti mọ̀ ọ́n. Èkejì ni wọ́n ń dúró dè.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Bíbélì wa. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti King James tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1611, ‘sorry’ ni wọ́n lò fún Hẹ́rọ́dù nígbà tí ọmọbìnrin Hẹ́ródíà béèrè orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi (Mátíù 14:9). Inú ọkùnrin náà bàjẹ́ lóòótọ́, kì í ṣe ẹ̀tàn. Síbẹ̀ ó ránṣẹ́ sí ilé túbú, wọ́n sì gbé orí náà dé nínú àwopọ̀kọ́. Ẹ rí i pé ènìyàn lè ‘sọ́rì’ tọkàntọkàn kó sì máa bá ohun tó ń ṣe lọ.

Sọ́ọ̀lù ńkọ́? Òun tilẹ̀ sọ pé òun ti ṣẹ̀ (1 Sámúẹ́lì 15). Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ló kọ́kọ́ dì í lé lórí, ó tún ní ẹ̀rù wọn ló ba òun, nígbà tó sì kù díẹ̀, ó ní kí Sámúẹ́lì jọ̀wọ́ bu ọlá fún òun lójú àwọn àgbà. Ojú ayé ló ń tọ́jú. Mo mọ Sọ́ọ̀lù yìí dáadáa, mo ti bá a jókòó nínú ìpàdé ìlàjà lọ́pọ̀ ìgbà, ó wọ agbádá.

Ẹ wá wo ọmọ onínàákúnàá nínú Lúùkù orí 15. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ohun tí kò sọ. Ìyàn mú ní ilẹ̀ tó wà, Bíbélì sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni. Bí èmi bá ni, ìyàn ni ǹ bá fi bẹ̀rẹ̀: ‘Bàbá, nǹkan le, ìyàn ló mú.’ Òun kò dárúkọ ìyàn rárá. Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ibi tó ti ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ó ní òun ti ṣẹ̀ sí ọ̀run àti sí bàbá òun, òun kò sì yẹ lẹ́ni tí à ń pè lọ́mọ. Ó sọ ẹni tó ṣẹ̀, ó sọ ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà wa ti rí i tipẹ́ pé ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀.

Sákéù ní tirẹ̀ gbé owó sílẹ̀ (Lúùkù 19:8). Ìlọ́po mẹ́rin ló ní òun yóò fi san án padà. Ẹni tó bá mọ òfin Mósè mọ̀ pé ìyẹn ni iye àgùntàn tí olè tó jí àgùntàn kan tó sì ta á gbọ́dọ̀ san (Ẹ́kísódù 22:1). Sákéù fi orúkọ tó ń jẹ́ pe ara rẹ̀ nìyẹn. Fún ẹni tó sì jẹ́wọ́ pé òun fi ọ̀nà ẹ̀tàn mú ohun tí a fi sí ìkáwọ́ òun, òfin ní kó dá gbogbo rẹ̀ padà, kó sì fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e (Léfítíkù 6:1-5). Ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀! Ọjọ́ tí mo ka ibẹ̀, ojú tì mí bíi pé ẹnìkan kọ orúkọ mi sí etí ìwé.

Ẹ̀yin alàgbà, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n jẹ́wọ́ ní gbangba. Bí tọkọtaya bá gbé ẹjọ́ wá, tí ọkọ bá ti sọ sọ́rì, a ó yíjú sí ìyàwó, a ó ní, ‘Ó ti sọ sọ́rì, kí ló tún kù? Àbí o kì í ṣe Kristẹni ni?’ A ó ka Lúùkù 17 fún un, níbi tí Jésù ti ní bí ó bá ṣẹ̀ ẹ́ nígbà méje lóòjọ́, kó dárí jì í. Èmi náà ti ka á fún àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ẹsẹ̀ 3 àti 4 lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìbáwí wà níbẹ̀. Ìrònúpìwàdà wà níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn padà wá nígbà méje, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ronú pìwà dà. Àwa a máa gba pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́ ọkọ, kí a sì gba ìdáríjì tó pé pérépéré lọ́wọ́ aya. Kì í ṣe pé mo ní kí ẹnikẹ́ni di ẹnikẹ́ni sínú o. Ìdáríjì jẹ́ àṣẹ Olúwa fún wa. Mo kàn ní kí a má ṣe fi ipá gbà á nítorí ọ̀rọ̀ kan tí a kò bi ẹni tó sọ ọ́ ní ìtumọ̀ rẹ̀.

Ó rọrùn láti bi í. Ẹ gbé ‘pẹ̀lẹ́’ sí ipò sọ́rì tó sọ, kí ẹ gbọ́ bí yóò ṣe dún. ‘Sọ́rì tí inú bá bí ẹ’: ‘Pẹ̀lẹ́ tí inú bá bí ẹ.’ Ó bá a mu, àbí? Àjòjì ń bá ọ kẹ́dùn ni. ‘Sọ́rì, nǹkan ló ṣẹlẹ̀’: ‘Pẹ̀lẹ́, nǹkan ló ṣẹlẹ̀.’ Ó tún bá a mu. Wàyí o, ẹ gbìyànjú èyí: ‘Pẹ̀lẹ́, mo parọ́ fún ẹ ní ọjọ́ Jímọ̀.’ Kò lọ! Ó ń wá ‘forí jì mí’ kiri. Àwọn ọkùnrin kan kò sì ní lo ọ̀rọ̀ rárá, súyà ni wọ́n máa ń rà wálé. Súyà dára, ìyàwó á jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí súyà náà dúró fún.

Àwọn ọmọ wa ń wò wá. À ń ti orí wọn mọ́lẹ̀, ‘Oyá, sọ sọ́rì fún àbúrò ẹ!’ wọ́n á sì sọ ọ́ bí ẹni pọ òògùn kíkorò. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó ṣe: mo gba ẹran rẹ, mo gbá ọ létí. Yóò ṣòro fún un ju sọ́rì lọ, òun náà ni yóò sì jẹ́ kó rò ó lọ́jọ́ mìíràn. Àwa òbí náà ńkọ́? Mo na ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi nígbà kan nítorí gíláàsì tó fọ́. Nígbà tó ṣe, mo rí i pé èkejì ló fọ́ ọ. Àṣà wa kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí bàbá bẹ ọmọ, bísíkíìtì ni mo sì kọ́kọ́ rò láti rà fún un. Mo wá pè é, mo ní, ‘Mo nà ọ́ láìṣẹ̀. N kò wádìí. Má bínú sí mi.’ Ó ní, ‘Kò burú, Dádì. Ẹ ṣáà lọ sọ fún gbogbo ilé pé èmi kọ́.’ Àtúnṣe tí òun fẹ́ nìyẹn, mo sì ṣe é.

Ní ti owó àjọ, mo pe Ìyá Ìbejì ní alẹ́ kan tí àwọn ọmọ ti sùn. Ó jókòó sórí àga, èmi jókòó sílẹ̀. Mo ní, ‘Owó rẹ tí o fi sọ́wọ́ mi, mo ná an láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Olè ni mo jà.’ Ó ní, ‘Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀.’ Mo ní, ‘Bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́. Mo sì parọ́, nítorí pé mo ní nǹkan ló ṣẹlẹ̀. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, èmi ni mo ṣe é. Mo jẹ̀bi, jọ̀wọ́ forí jì mí.’ Kò tètè fèsì. Ìgbà yẹn ló tó sunkún, tí kò sun ní gbogbo oṣù mẹ́ta náà. Ó ní òun kò rí ọjà rà ní àsìkò ọdún, àwọn oníbàárà òun sì ti lọ bá ẹlòmíràn. N kò mọ̀. N kò bi í rí. Ó ní òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Kò ní òun ti dárí jì mí, n kò sì fi dandan lé e.

Ìdá márùn-ún ₦180,000 jẹ́ ₦36,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦216,000. Ní orí owó oṣù olùkọ́, mo ń san ₦18,000 lóṣooṣù fún oṣù méjìlá. Kò kọ̀ ọ́, kò sì ní kí n mú un lọ. Ó ń kà á níṣojú mi, á sì fi ọ̀pá kan kún àwọn ọ̀pá tó ti fà sẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ àjọ rẹ̀. Ní oṣù kejìlá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé ni nígbà tí mo gbé èyí tó kẹ́yìn fún un. Ó fi itọ́ ra ìka, ó kà á délẹ̀, ó fa ọ̀pá kejìlá. Ó ní, ‘Ó pé.’

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè rẹ̀. Ó ní, ‘Bàbá Ìbejì, ẹ ò ní gbà gbọ́ iye tí wọ́n ń ta àǹkárá ní Gbági lónìí.’